Ọjọ́ Tí Odò Ọbà Dá Wa Dúró

Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́.
Èmi àti Òjédìran la gbé kẹ̀kẹ́ jáde ní Ìjẹ̀rù
nígbà tí àkùkọ ṣì ń wá ohùn ara rẹ̀,
a ní a ó máa tọ etí Odò Ọbà lọ
títí ẹsẹ̀ wa yóò fi sọ pé ó tó.

Rálè bàbá mi ni mo gùn,
èyí tó ń gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Ìrẹsà fódidi ọdún mọ́kàndínlógún;
aago rẹ̀ kì í dún mọ́, ńṣe ló ń wúkọ́.
Ti Òjédìran ní jíà mọ́kànlélógún.
Mo ní, kí lo fẹ́ fi ogún yòókù ṣe?
Kò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Obìnrin kan tó ru igi ìdáná pàdé wa lójú ọ̀nà oko.
"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"
A ní kò sẹ́ni tó kú.
"Ta ló bímọ, nígbà náà?"
A ní kò sẹ́ni tó bímọ.
Ó wò wá láti orí dé táyà,
àgbà ọkùnrin méjì tó ń làágùn lọ́fẹ̀ẹ́.
Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ráyè."

Ọ̀nà náà kò fẹ̀ ju ìbú ẹní lọ,
odò lápá òsì, pákí lápá ọ̀tún,
omi ń lọ ní tiẹ̀, a ń lọ ní tiwa.
Bí ṣéènì bá yọ, a ó dúró, a ó fi ewé nu ọwọ́,
a ó gbọ́ bí ẹja kan ṣe ta pàá nínú omi.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí àwọn lékeléke fi dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Atẹ́gùn wọ inú oko àgbàdo, ó ń tú u kiri
bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù.
Lẹ́yìn náà, òjò.
Kì í ṣe èyí tí í kọ́kọ́ wínniwínni;
òjò àrọ̀kúrò ni, tí í wá bí ẹni tó bínú kúrò nílé.

A sá sábẹ́ àtíbàbà kan tí wọ́n ti ń yan gààrí.
Bàbá apẹja kan ti wà níbẹ̀, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe,
Lágbàyí lórúkọ rẹ̀. Kò béèrè ibi tí à ń lọ.
Ó kàn ní, "Afárá onígi yẹn ti bá omi lọ. Ẹ jókòó."

Gààrí inú àpò wa ti fúnra rẹ̀ di ẹ̀bà.
A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà mẹ́jọ; mo kà á.
Páànù tó wà lórí wa ń ké tó bẹ́ẹ̀
tí etí kò fi gba nǹkan míì mọ́.
Nígbà náà ni Òjédìran bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.
Mo rí ètè rẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀
tó ń wọn nǹkan kékeré kan nínú afẹ́fẹ́,
bí ìgbà téèyàn bá ń júwe àwo, tàbí ọwọ́ ẹlòmíì.
N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.
Mo ń mi orí. Bàbá Lágbàyí náà ń mi orí, ó ń ta kókó àwọ̀n.
Nígbà tí òjò rọlẹ̀ díẹ̀, ó dákẹ́ wẹ́lo.
Òjò tún le, ó tún tẹ̀ síwájú,
títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ètè rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, omi pọ́n bí ògiri amọ̀,
ó ń gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ láìsinmi.
Kò sọ́nà níwájú. A yí kẹ̀kẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́,
ẹrẹ̀ dé wa lórúnkún,
a ń tì wọ́n bí ewúrẹ́ olórí kunkun.

Obìnrin onígi ìdáná àná tún nìyí.
Ó rẹ́rìn-ín láti òkèèrè:
"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ráyè! Ta ló wá kú báyìí?"
Mo ti la ẹnu láti ní kò sẹ́ni tó kú.
Òjédìran gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi.
Ó ní, "Àwẹ̀ró ni. Ìyàwó mi.
Yóò pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀."

Obìnrin náà sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀,
àwọn igi tútù fọ́n ká sójú ọ̀nà,
kò sì sẹ́ni tó tètè bẹ̀rẹ̀ láti ṣà wọ́n.